Ìpàdé Kí Iṣẹ́ Ilé Tó Bẹ̀rẹ̀: Kí Ni Wọ́n Ń Bá Ara Wọn Sọ Níbẹ̀?

Ẹni tó ṣírò owó iṣẹ́ ilé kan ti jókòó ti pláànù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó mọ̀ pé omi wà nínú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, pé ẹni tó ni ilé ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ ra fèrèsé, pé kíkó yẹ̀pẹ̀ dànù kò sí nínú owó tí wọ́n jọ fẹnu kò lé. Fóòmàn tó máa kó àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ síbẹ̀ kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kàn na pláànù sí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pé ó yá, ibi tí nǹkan bá ti bàjẹ́ ló ti máa mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ìpàdé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń bá ẹni tó ni ilé ṣe, tí wọ́n ti ń kí ara wọn kú oríire. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ààbò tí fóòmàn ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ láràárọ̀. Ìpàdé abẹ́lé agbaṣẹ́ṣe ni: ẹni tó ṣírò owó, ẹni tó ń darí iṣẹ́ láti ọ́fíìsì, ẹni tó ń ra ohun èlò, àti fóòmàn.

Ààlà iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yanjú, ibẹ̀ ni ìjà sì pọ̀ sí. Ẹ wo ihò tí páìpù máa gba inú dẹ́kín kọjá. Pùlọ́ńbà rò pé káfíńtà ló máa fi pákó dá ihò náà sí. Káfíńtà rò pé pùlọ́ńbà á ti gbé páìpù rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n da kọnkéré, ó gan, kò síhò. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ wá láti lu ú, wọ́n sì lè gé irin inú rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá ti yanjú rẹ̀: ta ló ni ihò yìí?

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan wákàtí. Àwọn ọ̀gá kan máa ń fi iye wákàtí tí wọ́n ṣírò pamọ́ fún fóòmàn, kó má baà fẹsẹ̀ palẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Bí ìwé bá ní káfíńtà á fi wákàtí 120 ṣe pákó ògiri kan, tí fóòmàn ò sì mọ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ lọ́jọ́ kẹta pé òun ti ń rẹ̀yìn? Ó sì lè jẹ́ òun ló máa sọ pé, "Ẹ̀yin ka kireni mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò síbi tó máa dúró sí." Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ pe ìpàdé. Bí fóòmàn bá dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìkéde ni wọ́n ṣe.

Ètò ọjọ́ ńkọ́? Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti kà á wá. Bí ilẹ̀kùn bá ń gba ọ̀sẹ̀ 14 kí wọ́n tó ṣe é tán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ló ti yẹ kí wọ́n ti sanwó rẹ̀. Glenn Ballard àti Greg Howell, tí wọ́n dá Lean Construction Institute, ẹgbẹ́ tó ń wá bí ìfiṣòfò á ṣe dín kù nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, sílẹ̀ lọ́dún 1997, tẹnu mọ́ èyí pẹ̀lú pé ẹni tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ni kó sọ ìgbà tó máa parí. Kọnkéré náà ní ètò tirẹ̀: agbára tó ní lọ́jọ́ 28 lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á ni ẹnjiníà sábà máa ń fi ṣírò, torí náà igi tó gbé dẹ́kín ìsàlẹ̀ dúró lè má tíì tó tú nígbà tí wọ́n bá nílò igi fún tòkè. Mélòó ni kí wọ́n kó wá?

Ti ààbò kò gùn: ibi tí wáyà àti páìpù wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tó láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti ọdún 2015 sọ pé ètò ààbò gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe é ku ọ̀la. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àyè ṣì wà láti tún nǹkan ṣe. Kí ẹnì kan kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé sílẹ̀, kí orúkọ àti ọjọ́ wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìwé náà sì bá fóòmàn lọ sí sáìtì, torí lọ́jọ́ tí pùlọ́ńbà àti káfíńtà bá dúró lórí dẹ́kín tí wọ́n ń jiyàn ihò, ìwé yẹn ló máa fà yọ.