Ẹ̀wà ò mọwọ́mẹsẹ̀: bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ tí ara ò gbà

Ẹni tó jẹ mọ́ínmọ́ín lálẹ́, tí ètè ẹ̀ wú, tí ara ẹ̀ sú, tó ń yún un látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó fọwọ́ tán, nǹkan tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé òun ò jẹ ẹ̀wà mọ́ láyé òun. Bẹ́ẹ̀ ẹ wo nǹkan tó wà nínú mọ́ínmọ́ín ẹyọ kan: ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà, òróró, ẹyin, ẹja Titus, edé lílọ̀, màgí, àwọn mìíì á tún kó kọ́ńbíìfù sí i. Ẹ̀wà ni wọ́n mú torí òun ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Àlàyé bí alẹ́jì, ìyẹn kí ara máa bá oúnjẹ kan jà, ṣe ń ṣẹlẹ̀ ò gùn: ara ti pèsè nǹkan kan tó ń jẹ́ IgE sílẹ̀ de prótéènì kan pàtó, ọjọ́ tí prótéènì yẹn bá tún wọlé, histamine, nǹkan inú ara tó ń mú kí ara wú kó sì máa yún, á tú jáde, wàhálà á bẹ̀rẹ̀. Ara ò dẹ̀ lè pèsè sílẹ̀ de ohun tí ò pàdé rí, torí náà "mo ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, kò lè jẹ́ òun" kì í ṣe àwíjàre kankan fún oúnjẹ, ó dẹ̀ ti sú èèyàn láti máa gbọ́ ọ.

Ìwádìí gan-an ni iṣẹ́ wà, kì í dẹ̀ ṣe inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹnu ni. Dókítà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè aago. Irú alẹ́jì yìí sábà máa ń yọjú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ, àmàlà ọ̀sán àná ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn. (Ọ̀kan wà tó ń yọ́ rìn o, alpha-gal, èyí tí eégbọn kan máa ń kó báni ní Amẹ́ríkà: eégbọn á bu èèyàn jẹ, ara onítọ̀hún lè má gba ẹran màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ mọ́, ó dẹ̀ máa ń tó wákàtí 3 sí 6 kó tó bẹ̀rẹ̀, èèyàn á jẹun alẹ́, á sùn, ara yíyún á wá jí i lóru. Ìgbà tí Thomas Platts-Mills àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Virginia kọ ọ́ jáde ní 2009 ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé àwọn dókítà.)

Ìbéèrè kejì ló dùn jù, àwọn èèyàn kì í dẹ̀ ronú kàn án: kí lẹ ti jẹ látìgbà yẹn tí nǹkan kan ò ṣe yín? Tẹ́ni yẹn bá jẹ ẹ̀wà àgànyìn ní Sátidé tó sùn fọnfọn, ẹ̀wà ti gba ìdáǹdè. Tó bá fi ẹyin jẹ búrẹ́dì ní Mọ́ńdè, ẹyin náà lè máa lọ. Ọjọ́ tí ara yún kàn ń kó afurasí jọ ni, ọjọ́ tí ò yún ló ń tú wọn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bi í bóyá irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, á rántí pé bẹ́ẹ̀ ni, níbi òde kan, iyán àti ẹ̀fọ́ rírò lòun jẹ. Kí ló pa ẹ̀fọ́ rírò àti mọ́ínmọ́ín pọ̀? Edé.

Wàhálà edé ni pé tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ń kà á kún oúnjẹ mọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun jẹ iyán, ẹ̀fọ́ àti edé. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí wọ́n bi ẹni tó sebẹ̀ ju ẹni tó jẹ ẹ́ lọ, ẹni tó sebẹ̀ ló máa sọ pé "ah, ṣíbí méjì péré ni mo fi sí i o". Bákan náà lẹni tó ní ẹran sùyà ò bá òun lára mu, tí ò mọ̀ pé ẹ̀pà wà nínú yájì.

Ẹja náà ní ẹjọ́ tiẹ̀ láti rò, ìyẹn ò dẹ̀ ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú alẹ́jì. Titus tó yọ́ nínú fírísà torí pé wọn ò mú iná wá, tí wọ́n tún padà gbé dì, kòkòrò àìfojúrí á ti sọ nǹkan inú ẹran ara ẹ̀ di histamine, kò dẹ̀ sí bí wọ́n ṣe lè dín in tó máa lọ. Ojú á pọ́n, ara á yún, bí alẹ́jì gẹ́lẹ́. Tó bá jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta tó jẹ nínú ìkòkò kan náà ni ara ń yún, kí wọ́n yéé wo èèyàn, kí wọ́n wo ẹja.

Ẹ̀yìn gbogbo eléyìí ni tẹ́ẹ̀sì tó kàn. Ti ara awọ rọrùn: wọ́n á kán omi edé, omi ẹyin, omi ẹ̀pà sí apá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tíńtín gún awọ níbẹ̀. Wọ́n á tún kán histamine síbì kan, èyí tó gbọ́dọ̀ wú, àti omi iyọ̀ síbòmíì, èyí tí ò gbọdọ̀ wú. Tí ti histamine ò bá wú, ó ṣeé ṣe kẹ́ni yẹn ti lo Piriton wá, oògùn ara yíyún tó ń dí histamine lọ́wọ́, wọ́n á ní kó lọ, kó padà wá lọ́jọ́ míì. Ìṣẹ́jú 15 sí 20, wọ́n á gbé rúlà, èyí tó bá fi mílímítà 3 tóbi ju ti omi iyọ̀ lọ, ó ti wọ ìwé.

Àmọ́ pé ó wú ò ní kí oúnjẹ yẹn jẹ̀bi o! Tẹ́ẹ̀sì yìí dà bí ọlọ́pàá tó ya wọ àdúgbò lóru, ó lè mú olè lóòótọ́, á dẹ̀ mú ẹni tó jọ olè. Edé, aáyán àti kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú eruku ilé, gbogbo wọn ló ní prótéènì kan tó ń jẹ́ tropomyosin, tiwọn jọra bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹni tí ara ẹ̀ ń bá eruku jà lè wú sí edé lórí awọ kó dẹ̀ máa jẹ edé lọ nílé láìsí wàhálà. Èyí tó wá ń bíni nínú jù ni tẹ́ẹ̀sì IgG (kì í ṣe IgE tá a sọ lẹ́ẹ̀kan o) tí wọ́n ń tà kiri, tí ìwé ẹ̀ máa ń kún fún oúnjẹ rẹpẹtẹ tí wọ́n ní kéèyàn má jẹ mọ́. IgG kàn ń sọ pé ara ti pàdé oúnjẹ yẹn rí ni, ẹgbẹ́ àwọn dókítà alẹ́jì ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù ti sọ pé kí wọ́n má lò ó fún irú iṣẹ́ yìí. Ọlọ́pàá tèyí, gbogbo ẹni tó ti kan ilẹ̀kùn yín rí ló ń kó, ó kó onímílíìkì, ó kó oníbúrẹ́dì, ó kó màmá yín tó wá kí yín láti Ìjẹ̀bú, ó dẹ̀ gbowó lọ́wọ́ yín lórí gbogbo wọn. Ọmọ kékeré ni wọ́n á wá gba ẹyin, ẹja àti mílíìkì lẹ́nu ẹ̀ torí ìwé yìí, ara ọmọ á máa gbẹ.

Ibi tí ètò náà ti gọ̀ díẹ̀ ni pé oúnjẹ kan lè má ṣe nǹkan kan lónìí kó ṣe lọ́la, torí pé lọ́la èèyàn mu bíà sí i, tàbí ó lo aspirin tàbí ibuprofen, tàbí ó sáré eré ìdárayá lẹ́yìn tó jẹun. Afurasí tí wọ́n ti tú sílẹ̀ á tún padà wá sẹ́jọ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń béèrè nípa oògùn, ọtí àti eré sísá pẹ̀lú, ẹni tó bá ń kọ oúnjẹ ẹ̀ sínú ìwé, kó kọ ìyẹn mọ́ ọn.

Tọ́rọ̀ ò bá ṣì yanjú, kó jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń fura sí kí wọ́n máa wò ó ló kù. Ọsibítù ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú adrenaline, oògùn tí wọ́n fi ń dá alẹ́jì tó le dúró, nítòsí, ẹni tí ọ̀fun ẹ̀ ti dí rí ò gbọdọ̀ dán an wò nílé láé. Wọ́n á fi edé pamọ́ sínú oúnjẹ míì, èyí tó péye jù ni èyí tí dókítà àti aláìsàn ò ti mọ oúnjẹ tí edé wà nínú ẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n bíńtín, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á fi kún un, títí tó fi máa tó abọ́ kan gidi. Tó bá jẹ ẹ́ tán, tí wákàtí kan sí méjì kọjá, tí nǹkan kan ò ṣe é, wọ́n á ní kó padà sílé lọ máa jẹ edé ẹ̀.