Ejò Tó Ń Gbé Èèyàn Mì, Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Tí Kò Lórí: Bí Àsíá àti Àmì Ọ̀pá Àṣẹ Ṣe Ń Sọ̀rọ̀

Tí wọ́n bá ní kí ọmọ iléèwé ní Kàbà tàbí Ìsánlú ya àmì ọ̀pá àṣẹ Nàìjíríà, ẹṣin méjèèjì ló máa ń gba ọ̀pọ̀ àsìkò rẹ̀. Y tó wà láàrin asà, rúlà ni yóò fi fa ìlà mẹ́ta, ó parí. Bẹ́ẹ̀, Y yẹn gan-an ni ará Kogí lè tọ́ka sí pé tiwa nìyí. Odò Ọya ń bọ̀ láti àríwá, omi rẹ̀ pọ́n bí ẹrẹ̀. Bẹ́núé ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, tirẹ̀ mọ́ díẹ̀ jù ú lọ. Wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́ja, wọ́n di odò kan ṣoṣo tó kọrí sí gúúsù títí dé etí òkun. Ẹni tó bá gun òkè Patti yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i. Apá méjèèjì tó wà lókè Y ni odò méjì, ìrù rẹ̀ ni odò kan tó ń sọ̀ kalẹ̀. Máàpù ni asà náà. Ọmọ tó fi rúlà fà á ti sọ odò di oríta, nítorí ìgbì ló yẹ kó wà létí ìlà náà.

Ìgbì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni òfin àmì ọ̀pá àṣẹ, kì í ṣe àwòrán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti èdè Faransé àtijọ́, tiwa sì kúrú: asà dúdú, Y onígbì funfun. Oníṣẹ́ ọnà méjì lè gbọ́ gbólóhùn kan náà, kí ọ̀kan ya ẹṣin tó sanra, kí èkejì ya èyí tó tín-ín-rín, àwọn méjèèjì ló gba máàkì, bí ẹṣin bá ṣáà ti funfun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya ẹṣin pupa, ìlú mìíràn ló ń yà. Ohun tí gbólóhùn náà bá dárúkọ ni òfin. Èyí tí kò bá dárúkọ, ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà ló kù sí.

Ìdí tí odò fi funfun dípò búlúù tún jẹ́ òfin mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn tó dàgbà jù nínú iṣẹ́ náà. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, àwọn jagunjagun orí ẹṣin ní Yúróòpù ń dé akoto irin tó bo ojú wọn. Ọ̀rẹ́ kò mọ ọ̀rẹ́ mọ́, ni wọ́n bá ń kun asà. Nígbà tó yá, wọ́n pín àwọ̀ sí agbo ilé méjì. Wúrà àti fàdákà wà nínú ilé kìíní, ìyẹn yẹ́lò àti funfun. Pupa, búlúù, dúdú, àwọ̀ ewé àti elésè àlùkò wà nínú ilé kejì. Ará ilé kan náà kì í gun ara wọn lórí: a kì í fi yẹ́lò sórí funfun, a kì í fi búlúù sórí dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kó lẹ àkísà búlúù mọ́ aṣọ dúdú, kó gbé e kọ́ sí òpin pápá iléèwé ní ìrọ̀lẹ́, kó sì fà sẹ́yìn ní ogójì ìṣísẹ̀. Aṣọ dúdú kan ṣoṣo ni yóò rí. Odò búlúù lórí ilẹ̀ dúdú kò ní ṣeé rí. Odò funfun ń kígbe. Àwọn ọba Jerúsálẹ́mù ayé ogun àgbélébùú mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin yìí, wọ́n fi àgbélébùú wúrà sórí fàdákà, àwọn èèyàn sì máa ń sọ pé torí kí aráyé lè béèrè ìdí rẹ̀ ni.

Lókè asà ni òṣùká wà. Òṣùká gidi ni, aṣọ tí a lọ́ pọ̀ bí èyí tí obìnrin ń fi gbé ìkòkò omi. Orí akoto ni wọ́n ń dè é sí láyé àtijọ́, kí ohun tó wà lókè má bàa yọ̀. Tiwa jẹ́ funfun àti àwọ̀ ewé, ẹyẹ idì pupa ló sì dúró lé e. Òdòdó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin ni Costus spectabilis. Àwọn tó ń yà á sábà máa ń kùn ún ní pupa, bẹ́ẹ̀ yẹ́lò ni òdòdó náà nínú igbó. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó wà lórí ọ̀já ìsàlẹ̀, ìṣọ̀kan, ìgbàgbọ́, àlàáfíà àti ìtẹ̀síwájú, ti wà bẹ́ẹ̀ láti 1978.

Ibi tí ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ. Yorùbá tó mọ àrokò kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a fi ránṣẹ́ sí èèyàn ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹẹ́fà ni. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Ohun kan náà ni àwọn òyìnbó ṣe. Oxford ya màlúù tó ń sọdá odò, torí ohun tí orúkọ ìlú náà túmọ̀ sí nìyẹn. Castilla ní Sípéènì ya ilé odi, León ya kìnnìún. Bern ní Switzerland ya béárì. Ẹranko wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtàn ńlá lẹ́yìn. Eré orúkọ lásán ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń wá ìjìnlẹ̀ níbi tí àwàdà wà yóò kàn dá ara rẹ̀ lágara ni.

Ṣùgbọ́n àwàdà náà ní òfin tirẹ̀. Bí béárì bá jẹ́ akọ, ó gbọ́dọ̀ hàn pé akọ ni. Ní 1579, òǹtẹ̀wé kan ní St. Gallen ní Switzerland tẹ kàlẹ́ńdà tó ní béárì ìlú Appenzell nínú, ó sì gbàgbé nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀. Àwọn ará Appenzell ní wọ́n ti sọ béárì àwọn di abo, ó sì kù díẹ̀ kí ogun bẹ́. Títí dòní, pupa ni wọ́n ń kun ibẹ̀, kí ojú má bàa fò ó.

Ejò tó ń gbé èèyàn mì wà ní Milan, ní Ítálì. Àmì ìdílé Visconti tó ṣàkóso ìlú náà láyé àtijọ́ ni, ó sì wà lára ọkọ̀ Alfa Romeo. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó so pọ̀ níbi itan, tí kò sì lórí, wà lórí àsíá Erékùṣù Man. Ọ̀rọ̀ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lédè Látìn ni pé bó ti wù kí o sọ ọ́, yóò dúró. Sicily náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ àwọn fi orí obìnrin sí àárín tiwọn.

Àsíá yàtọ̀ sí asà, nítorí atẹ́gùn. Asà dúró jẹ́ẹ́. Àsíá ń ká, ó ń yí, ìdajì rẹ̀ ni èèyàn sì ń rí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó bá kéré ti sọnù. Mozambique fi ìbọn AK-47 tó ní ọ̀bẹ lẹ́nu sórí tirẹ̀ láti 1983, pẹ̀lú ọkọ́ àti ìwé tó ṣí sílẹ̀. Ọkọ́ àti ìwé ń ṣòro í rí láti ọ̀nà jíjìn. Ìrísí ìbọn ni kò ṣeé ṣì mọ̀. Àsíá pupa kan wà ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní Greenwich, ní London, tí wọ́n kó lọ láti agbègbè Benin ní 1897: ọkùnrin funfun kan na idà, ó ti bẹ́ orí ẹnìkejì rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Asafo ti Fante ní Ghana ń fi òwe ṣe tiwọn: aṣọ ni wọ́n ń gé sí àwòrán, tí wọ́n ń rán mọ́ aṣọ ní ojú méjèèjì, kí ẹni tó wà lẹ́yìn náà lè ka òwe. Àsíá Bìrìtìkó ló máa ń wà ní igun rẹ̀ kí ó tó di 1957. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ti Ghana rọ́pò rẹ̀.

Nepal nìkan ni orílẹ̀-èdè tí àsíá rẹ̀ kò ní igun mẹ́rin. Onígun mẹ́ta méjì ló gun ara wọn, gíga rẹ̀ ju ìbú rẹ̀ lọ, ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn sì to ìgbésẹ̀ tí a ó fi yà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ ìṣirò. Télọ̀ tó bá gbà á lọ́wọ́ oníbàárà yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ tó dàgẹ̀rẹ̀ máa ń fà, nítorí pé a gé aṣọ náà lòdì sí òwú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìlú méjì gbé ohun kan náà. Ní ìdíje Olympic ti Berlin ní 1936 ni Haiti àti Liechtenstein ti rí i pé búlúù lókè pupa ni àsíá àwọn méjèèjì. Liechtenstein fi adé sórí tirẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Chad àti Romania ṣì ń jọ ara wọn títí di báyìí, àyàfi tí ojú bá mọ búlúù tó dúdú díẹ̀ sí búlúù. Ireland àti Côte d'Ivoire ní àwọ̀ mẹ́ta kan náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ni ìyàtọ̀ wà: àwọ̀ ewé ló sún mọ́ ọ̀pá ní Ireland, àwọ̀ ọsàn ní Côte d'Ivoire. Bí wọ́n bá so okùn sí ẹ̀gbẹ́ òdì, àlejò ti di ará ìlú mìíràn. Nàìjíríà bọ́ nínú ewu yìí: àwọ̀ ewé wà ní ìhà méjèèjì, bó ṣe wù kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fà á sókè ṣe é, kò lè dorí kodò.

Lọ́kọ́ja ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àsíá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company kalẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, tí wọ́n sì fa ti Bìrìtìkó sókè níwájú Lugard. Àsíá tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ yẹn ní Y, ọ̀rọ̀ Látìn kọ̀ọ̀kan sì wà ní apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Odò méjì náà ti wà lórí aṣọ nígbà tí kò tíì sí Nàìjíríà. Lórí àsíá Nàìjíríà ní 1914, àmì tó wà níbẹ̀ ni ìràwọ̀ onígun mẹ́fà aláwọ̀ ewé nínú òbírí pupa, adé láàrin rẹ̀. Àwọ̀ ewé lórí pupa, ará ilé kan náà, láti ọ̀nà jíjìn kò ju àbàwọ́n lọ. Ní 1959 ni Taiwo Akinkunmi ya èyí tí a ń lò báyìí. Ó fi oòrùn pupa sáàárín funfun, àwọn tó yàn án sì yọ oòrùn náà kúrò.

Rírán rẹ̀ rọrùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ télọ̀ ń ṣì í rán. Ìlọ́po méjì gíga ni gígùn rẹ̀, ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba. Fún àsíá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́ta, ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 24 nígbà tó bá parí. Ẹni tó bá gé gbogbo rẹ̀ ní 24 ti pàdánù ojú rírán. Kí ó gé funfun ní íńṣì 25, èyí tó sún mọ́ ọ̀pá ní 25, ti ìta ní 25½, kí gíga gbogbo wọn jẹ́ 38 kí ó lè rí íńṣì kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ lókè àti nísàlẹ̀. Lórí aṣọ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 45, yáàdì kan ààbọ̀ aláwọ̀ ewé àti yáàdì kan tí kò pé ti funfun yóò tó. Kánfásì ni kí ó fi ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, kí ó lu ojú irin méjì sí i. Kí ó tó gé ohunkóhun, kí ó fọ èérún aláwọ̀ ewé pẹ̀lú èérún funfun nínú omi gbígbóná: bí funfun bá yí padà, òjò àkọ́kọ́ ni yóò ba àsíá náà jẹ́.

Etí ìta ni ọyẹ́ ń kọ́kọ́ jẹ, nítorí ibẹ̀ ló ń na atẹ́gùn bí pàṣán. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí a rán ojú ìṣẹ́ ibẹ̀, pẹ̀lú òwú polyester. Àwọn kan máa ń gé ibi tó ya, wọ́n á tún un ṣẹ́. Ó dára lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bí íńṣì méjì bá ti lọ, ìpele mẹ́ta kò dọ́gba mọ́. Nígbà ọ̀fọ̀, a kì í fà á dé ìdajì ọ̀pá kí a so ó mọ́bẹ̀. Orí ọ̀pá ló ń kọ́kọ́ dé, kí a tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó fẹ́ ya tirẹ̀ sábà máa ń kó gbogbo nǹkan jọ: òkè, ọ̀pẹ, ìwé, ọkọ́, iṣu, orúkọ ẹgbẹ́ ní òbírí, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Pocatello, ìlú kan ní Idaho ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ ìpolówó sórí aṣọ funfun, ó tún fi àmì ẹ̀tọ́ oníṣòwò sí i. Ìwádìí èrò ọdún 2004 gbé e sí ipò tó kẹ́yìn nínú àsíá ìlú 150. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 2017.

Ká ní àwọn ará Okun, àwọn Yorùbá Kogí, fẹ́ àmì tó ń pe orúkọ. Okun ni ìkíni wọn. Okùn ni a fi ń di nǹkan. Ìyàtọ̀ ohùn kan ló wà láàrin wọn. Okùn kan ṣoṣo tí a ká ní òbírí ti tó, kí sísanra rẹ̀ jẹ́ íńṣì 4 lórí àsíá tó ga ní íńṣì 36, kí a rán an ní ojú méjèèjì bíi ti Fante. Àwọ̀ ilẹ̀ ló kù. Okùn yẹ́lò lórí pupa bá òfin mu, pupa sì ni aṣọ ìpò tí àwọn obìnrin Bùnú ń hun. Ṣùgbọ́n aṣọ ìsìnkú ẹni ńlá àti ti eégún nìyẹn, bó bá fẹ́ lórí ọ̀pá iléèwé, àgbàlagbà tó ń kọjá yóò béèrè ẹni tó kú. Okùn funfun lórí búlúù bá òfin mu pẹ̀lú, ó sì ṣeé rí dáadáa. Àmọ́ bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ ẹ, omi ni búlúù yóò jọ, èèyàn yóò sì ka okun sí òkun, ní ilẹ̀ tí kò ní etí òkun kankan.