Ṣé bí ẹnikẹ́ni ò bá fara pa, kò sí ọ̀ràn nílẹ̀ ni?

"A dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ sí i." Gbólóhùn yìí la fi ń pa ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tì. Ẹnì kan yọ àdá sí ọmọ bàbá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìyẹn yẹ̀ ẹ́, àdá bá ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n fọwọ́ wọ́nú. Ọlọ́kadà dojú kọ àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní títì márosẹ̀, wọ́n mú un, ó ní, "Ṣé mo gbá ẹnikẹ́ni ni?" Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti tán. Mo mọ bí ìdúpẹ́ yẹn ṣe ń tu èèyàn lára tó, ṣùgbọ́n òfin kì í dúró de òkú kó tó mọ̀ pé ọ̀ràn ti ṣẹ̀.

Ìwà kan wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni òfin kọ̀: bí o bá ti hù ú, o ti dáràn. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nílé ẹjọ́ lórí kókó ohun tí wọ́n ń ṣẹjọ́ lé lórí ti jẹ̀bi, bí adájọ́ ò tilẹ̀ gba irọ́ náà gbọ́. Àwọn ọ̀ràn mìíràn ń fẹ́ àbájáde kí wọ́n tó pé. Ìpànìyàn wà lára wọn: bí kò bá sí òkú, kò sí ìpànìyàn. Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ọ̀ràn dídá tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà ń lò (Èkó ti ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti 2011) tilẹ̀ sọ pé ikú náà gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ọdún kan àti ọjọ́ kan sí ohun tó fà á.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Bí kò bá sí ìpànìyàn, àwọn èèyàn á ní kò sí nǹkan kan. Apá 4 òfin yẹn sọ pé ẹni tó pinnu láti dáràn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, tí ìṣe rẹ̀ sì fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ hàn, ti gbìyànjú ọ̀ràn, ìgbìyànjú yẹn sì jẹ́ ọ̀ràn. Ìjìyà ìpànìyàn ni ikú. Ti ìgbìyànjú láti pànìyàn lè tó ẹ̀wọ̀n gbére. Nítorí náà, bí olùpẹ̀jọ́ bá lè fi hàn pé aládàá yẹn fẹ́ pààyàn, ilẹ̀kùn tí àdá bà kò gbà á sílẹ̀.

Ẹjọ́ White ti ọdún 1910 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló là mí lójú jù. Ọkùnrin yìí bu májèlé sáyánáìdì sínú ohun mímu ìyá rẹ̀. Wọ́n bá ìyá náà ní òkú, ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ṣì kún. Àwọn dókítà ní àìsàn ọkàn ló pa á, májèlé tó wà níbẹ̀ kò sì tó pààyàn. Ìyá kú, ọmọ fẹ́ kó kú, síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ló pa á. Wọ́n dá a lẹ́bi ìgbìyànjú láti pànìyàn. Ẹni tó ń wo òkú nìkan á ní apànìyàn ni. Ẹni tó ń wo májèlé tí kò ṣiṣẹ́ á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ṣì í.

Ọ̀rọ̀ owó náà ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ọmọ tó ń bá yín tajà mú ₦20,000 nínú owó ọjà lọ́jọ́ Jímọ́ láìsọ fún yín, ó dá a padà láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ẹ ò pàdánù kọ́bọ̀. Apá 383 Criminal Code sọ ọ́ kedere pé ẹni tó mú owó olówó láti ná an bó ṣe wù ú lè jẹ̀bi olè, bó tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti dá a padà. Ní ti jìbìtì, òfin ọdún 2006 tó de jìbìtì ní Nàìjíríà (Advance Fee Fraud Act) ka níní ìwé irọ́ tí wọ́n fẹ́ fi lu èèyàn ní jìbìtì sí ìgbìyànjú, bí ẹni tó ni ín bá mọ irọ́ inú rẹ̀, tàbí bó bá yẹ kó mọ̀ ọ́n. "Mi ò tíì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni" ò ní gbà á.

Òdì kejì rẹ̀ ló ń dùn mí jù. Awakọ̀ ń sáré níwọ̀n, ọmọdé já sí títì lójijì, ó tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, ọkọ̀ gbá ọmọ náà, ó sì kú. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bó ṣe wakọ̀, àwọn kan ti ń wá taya àti pẹtiróòlù. Apá 24 Criminal Code sọ pé ohun tó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí lọ́wọ́, àyàfi bó bá jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á. Òkú ọmọ yẹn ń bani nínú jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò tíì sọ fún wa bóyá ẹnì kan dáràn.

Bí ẹnì kan bá gbìyànjú ibi sí yín tí kò bọ́ sí i, ohun tó ṣe ni kí ẹ lọ sọ ní tẹ́ṣàn, kì í ṣe ohun tó bàjẹ́ nìkan. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ife yẹn ni wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n fi rí májèlé White. Ẹ má da tiyín nù, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín rẹ́.