Ìyà Tó Le Kọ́ Ló Ń Dẹ́rù Ba Olè

Láàárọ̀ ọjọ́ tí rédíò bá ka ìròyìn àwọn ajínigbé, kì í pẹ́ kí àwọn tó ń ka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn tó fẹnu ọ̀rọ̀ jóná síbì kan náà. Ẹnìkan á ní kí ìjọba máa yìnbọn pa wọ́n. Ẹnìkejì á ní kí ó jẹ́ ní gbangba, ní pápá ìṣeré Adámásíngbà, kí tọmọdé tàgbà wá wò ó, kí àwọn tó kù lè fi ṣàríkọ́gbọ́n. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé bí ìyà bá ṣe le tó ni ọ̀daràn yóò ṣe bẹ̀rù tó, àti pé òfin wa tó rọ̀ ló jẹ́ kí olè pọ̀. Èmi náà ti gbà á gbọ́ rí, n kò sì ka ẹni tó ń sọ ọ́ sí ènìyàn burúkú. Ẹni tí wọ́n ti gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ rí kì í ṣe ẹni tí à ń bá jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ òdì ni, a sì ti dán an wò ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ìbọn sì wà káàkiri lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún náà gan-an ni ìjọba ológun gbé òfin jáde pé ikú ni ìyà ẹni tó bá digun jalè. Ní 1971, ó di ìran wíwò ní etíkun Bar Beach ní Èkó: wọ́n á so ọ̀daràn mọ́ òpó, àwọn sójà á tò síwájú rẹ̀, èrò á sì kún etí omi bí ẹni pé ọdún ni wọ́n wá ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Ishola Oyenusi, ògbóǹtarìgì adigunjalè, ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Bí ìyà ńlá tí gbogbo ayé fojú rí bá lè pa iṣẹ́ kan run, iṣẹ́ adigunjalè ìbá ti parí kí 1972 tó wọlé. Kò parí. Ní 1986, ọdún 15 lẹ́yìn ikú Oyenusi, adigunjalè mìíràn, Lawrence Anini, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kò jẹ́ kí ìlú Benin fojú kan oorun, títí wọ́n fi yìnbọn pa òun náà ní oṣù kẹta ọdún 1987. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá wà láàárín èrò ní Bar Beach ti di ọkùnrin ọdún 25 nígbà tí Anini ń yọ ìlú lẹ́nu. Mo máa ń rò ó pé kí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí kọ́ nínú ohun tó wò.

Òwe tó wà lẹ́nu gbogbo wa ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà: ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. A máa ń pa á láti fi kìlọ̀ fún olè, a kò sì kíyè sí i pé apá àkọ́kọ́ nínú òwe náà ni olè ń gbọ́. Ọjọ́ gbogbo ló fi ń ṣírò. Ẹni tó ti jalè nígbà ogún tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè, bí ẹ bá sọ fún un pé ikú ni ó wà nídìí ìkọkànlélógún, yóò gbà pé òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n kò ní gbà pé òun lọ̀rọ̀ náà kàn. Cesare Beccaria, onímọ̀ nípa òfin, ará Milan ní ilẹ̀ Ítálì, ti kọ irú èyí sílẹ̀ ní 1764: ó ní ìyà tí kò le púpọ̀ ṣùgbọ́n tó dájú máa ń kó sí ènìyàn lọ́kàn ju ìyà ńláńlá tí ó ń retí àtibọ́ nínú rẹ̀ lọ, àti pé bí ìyà bá ṣe tètè tẹ̀lé ẹ̀ṣẹ̀ tó ni yóò ṣe wúlò tó. Orílẹ̀-èdè Kánádà fagi lé ìdájọ́ ikú fún ìpànìyàn ní 1976, ìpànìyàn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí National Research Council, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, yẹ ìwádìí ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ wò ní 2012, àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ni pé kò sí èyí tí ènìyàn lè gbára lé láti sọ pé ìdájọ́ ikú ń dín ìpànìyàn kù.

Oríta kan wà nítòsí ilé mi tí àwọn ọlọ́kadà àti onímárúwá ti máa ń gba ọ̀nà òdì, kí wọ́n má baà lọ yí po lókè. Pátákó wà níbẹ̀ tó sọ owó ìtanràn, owó tí yóò jẹ èrè ọjọ́ márùn-ún, tó sì sọ pé ìjọba yóò gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ẹni tó bá rú òfin. Àwọn tó ń gba ọ̀nà òdì náà a máa fẹ̀yìn ti pátákó yìí dúró de èrò. Nígbà tó yá, wọ́n fi òṣìṣẹ́ ojú pópó méjì síbẹ̀ láràárọ̀. Wọn kò gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, wọn kò gba kọ́bọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń dá ẹni tó bá gba ibẹ̀ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn á sì dá a padà sí ibi tó ti wá. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ọ̀nà òdì ti di ohun ìgbàgbé, nítorí kò sí ẹni tó ń rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn fò dá. Nígbà tí wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sí ibòmíràn, kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ fi padà sí bó ṣe wà.

Ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú wa kò rò kàn ni pé ìyà tó le jù a máa sọ ara rẹ̀ di ohun tí kò dájú mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ikú sí lé ní 200, jíjí ẹrù tó tó 40 ṣílè nínú ilé onílé sì wà lára wọn. Àwọn aráàlú tí wọ́n yàn láti bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ rí i pé ọkàn àwọn kò gbà á kí wọ́n tìtorí aṣọ so ènìyàn kọ́. Wọn á ní 39 ṣílè ni ẹrù náà, nígbà tí gbogbo ẹni tó wà ní kóòtù rí i pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òfin ṣe ń le ni ọwọ́ àwọn tó ń lò ó ń rọ̀. Nílé wa níhìn-ín, àwọn tó ti gba ìdájọ́ ikú nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n lé ní 3,000, àwọn gómìnà tó yẹ kó fọwọ́ sí i kì í sì fẹ́ kí gègé àwọn kan ìwé náà. Èyí tó burú jù tún wà. Montesquieu, onímọ̀ nípa òfin, ará Faransé, ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1748 pé níbi tí ìyà olè àti ìyà apànìyàn bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, olè kì í jalè lásán, yóò pa ẹni tó jà lólè. Ẹ wo òfin 1970 pẹ̀lú ojú yẹn. Adigunjalè tí onílé ti dá mọ̀ mọ̀ pé ikú ni olè tí òun jà, ikú náà sì ni bí òun bá yìnbọn. Ẹni tó kù láàyè nìkan ló lè jẹ́rìí lé òun lórí.

Àwọn kan á ní kì í ṣe nítorí kí ẹlòmíràn lè bẹ̀rù ni àwọn ṣe ń fẹ́ ìyà tó le, wọ́n ní ohun tó tọ́ sí ọ̀daràn ni. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí, ará Jámánì, dúró lé e pé nítorí pé ènìyàn ṣẹ̀ nìkan ni a fi lè jẹ ẹ́ níyà, kò tọ́ kí a sọ ọ́ di irinṣẹ́ lásán tí a ó fi kọ́ ẹlòmíràn lọ́gbọ́n. Àwọn baba wa sọ ọ́ ní kúkúrú: ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka ni wọ́n wí, wọn kò wí ọwọ́; ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣẹ̀. Ẹni tó bá di òwe yìí mú kò lè máa pariwo ikú fún ẹni tó jí fóònù, kò sì lè fojú fo ti ọgbà ẹ̀wọ̀n dá, nítorí pé ó ju ìdajì àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lọ tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi, tí wọ́n ń retí ìgbẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ Ìwé Òfin 1999 kà wọ́n sí aláìlẹ́ṣẹ̀. Ìka wọn ti wà lábẹ́ ọ̀bẹ kí ẹnikẹ́ni tó wádìí bóyá ó ṣẹ̀.

Mo wà ní ọjà Bódìjà lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ tẹ ọmọkùnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún 17 lọ, pẹ̀lú fóònù tó yọ nínú báàgì obìnrin kan. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èrò ti yí i ká, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, ẹnìkan sì ń yí táyà bọ̀ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Ìyá arúgbó kan tó ń ta ata ló jókòó lé táyà náà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ dáná sun ọmọ ọlọ́mọ kí ó kọ́kọ́ gbé òun kúrò lórí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ pé, “Màmá, ẹ dìde,” ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ti fi igbe ta: wọ́n ti fi bíléèdì la àpò owó tó so mọ́dìí. Ẹlòmíràn ló ṣe é, láàárín àwọn tó ń na olè, níbi tí gbogbo ojú ti wà lára ìyà tí olè ń jẹ. Àwọn tó kọ ìtàn ìlú London sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn jàgùdà ṣe ń rí jẹ láàárín èrò tó ń wo ìyẹgi, kí wọ́n tó fòpin sí ṣíṣe é ní gbangba ní 1868.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n ní kí ẹni tó ni fóònù àti ẹlẹ́rìí méjì tẹ̀lé àwọn lọ kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Obìnrin náà ní fóònù òun ti wà lọ́wọ́ òun, òun kò sì ní ọjọ́ tí òun yóò máa fi lọ, tí òun yóò máa fi bọ̀ ní kóòtù Ìyágankú. Ẹni tó yí táyà wá ti padà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà wo aago ọwọ́ mi, mo sì bá ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ.