Ìró tó ń bá pákó jà: bí wọ́n ṣe ń yẹ àgbá wísíkì wò láìṣí i

Bí wọ́n bá sọ pé ìró tí etí ò lè gbọ́ ni wọ́n fi ń yẹ inú àgbá wísíkì wò, scan aláboyún ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí àwọn èèyàn lọ́kàn: wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì ra ikùn, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé e, ọmọ á sì yọ lójú tẹlifíṣọ̀n tòun ti imú. Wọ́n á wá ní kí ló tún ṣòro níbẹ̀, ṣebí ẹ̀rọ náà ti wà nílé ìwòsàn tipẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bíni nínú. Omi ló pọ̀ jù nínú ikùn èèyàn, ìró sì ń gba inú omi kọjá wẹ́rẹ́. Pákó ni àgbá.

Òfin wísíkì Scotland ti ọdún 2009 ní ọtí náà gbọ́dọ̀ lo ọdún 3, ó kéré tán, nínú àgbá igi óákù tí kò gbà ju lítà 700 lọ. Níbi tó wà yẹn, ó ń dínkù. Nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ló ń gba ara igi fẹ́ lọ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń pè é ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Àwọn áńgẹ́lì yìí ni wọ́n wá ń di gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rù. Àgbá tí pákó rẹ̀ sán, tó ń jò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, áńgẹ́lì náà ni wọ́n á ní ó mu ún. Iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń fi ìró yẹ àgbá wò ni pé kó ya ohun tí áńgẹ́lì mu sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ihò gbé lọ.

Àwọn tó ń kan àgbá ti ní ọgbọ́n tiwọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fi òòlù gbá a: èyí tó kún á dún gbì, èyí tó ti ń gbẹ á pariwo, gẹ́gẹ́ bí òwe ṣe wí. Wọ́n sì lè ṣí èdídí kí wọ́n ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbá tó wà ní Scotland lé ní mílíọ̀nù 20, orí ara wọn sì ni wọ́n tò wọ́n sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí pákó. Pákó óákù dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n so pinpin. Ìró tó bá gba gígùn ọwọ̀ náà lọ ń sáré ju ìlọ́po méjì èyí tó gé e kọjá. Èyí wá túmọ̀ sí pé ìró kan lè gba gígùn pákó láti ìpẹ̀kun àgbá kan, kó sì ti dé ìpẹ̀kun kejì kí èyí tó gba inú ọtí tó débẹ̀. Bí wọ́n bá ń yẹ irin wò, ìró tó ń gbọ̀n ní mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń lò. Pákó á gbé irú ìyẹn mì pátápátá. Wọ́n ní láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bóyá sí 100,000. Ìgbì ìró yẹn á wá gùn tó mìlímítà 15 nínú igi, nígbà tí ihò kòkòrò tí ọtí ń gbà jò ò ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Ó dà bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ jọ èlùbọ́: gbogbo ohun tí à ń wá ló ń bọ́ sílẹ̀. Inú àgbá tí wọ́n fi iná sun tún wà ńbẹ̀, tó rí págunpàgun, tó ń fọ́n ìró káàkiri.

Ibi tí ọgbọ́n wà ni pé wọn ò béèrè àwòrán mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé ojú àgbá, wọ́n á máa sún un wálẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló wà lẹ́yìn pákó, ìró á ta padà ṣáá, nítorí afẹ́fẹ́ ò gbà á rárá. Níbi tí ọtí wà, púpọ̀ nínú rẹ̀ á wọlé lọ, gbohùngbohùn rẹ̀ á sì rẹlẹ̀. Ibi tó ti yí padà yẹn gan-an ni ojú ọtí. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lónìí, tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á mọ bó ṣe ń yára dínkù sí: áńgẹ́lì ń mu tirẹ̀ ní ìwọ̀n. Ihò ò mọ ìwọ̀n.

Bí ọtí náà ṣe le tó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: eré tí ìró ń sá nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ìró ń rìn tó mítà 1,480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, nǹkan bí 1,160 nínú ògidì ọtí. Èèyàn á rò pé àdàlù méjèèjì á wà láàárín. Rárá o. Bí wọ́n bá ń da ògidì ọtí sómi díẹ̀díẹ̀, eré ìró á kọ́kọ́ ga kọjá ti omi, kó tó wá máa já wálẹ̀, débi pé eré kan náà lè bá oríṣi àdàlù méjì mu. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2009 yẹn ní ògidì ọtí inú wísíkì Scotland kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 40 nínú 100, ibẹ̀ sì ti kọjá góńgó náà. Nítorí náà, ọ̀kan ṣoṣo nínú ìdáhùn méjèèjì ló lè jẹ́ òótọ́. Ooru ló wá kù: ó ń mú kí ìró yára nínú omi, ó sì ń fà á sẹ́yìn nínú ògidì ọtí, àgbá tó wà lábẹ́ òrùlé ò sì tutù bí èyí tó wà nílẹ̀. Àfi kí wọ́n lẹ ohun tí ń wọn ooru mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.