Níbo gan-an ni orin fíìmù Yorùbá ti wá?

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀ ilé wa. Tí wọ́n bá ti ki kásẹ́ẹ̀tì bọnú fídíò, tí gbogbo ìpolówó fíìmù tó ń bọ̀ lọ́nà ti kọjá, tí orin wá bẹ̀rẹ̀, màmá mi á ti máa pariwo láti kíṣìn pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan rìmóòtù o. Àwa ọmọdé fẹ́ fo orin yẹn ká tètè débi ìjà àti babaláwo, àmọ́ lójú tiwọn, orin yẹn gan-an ni fíìmù. Kó tó parí wọ́n á ti mọ ẹni tó máa dalẹ̀, wọ́n á ní "ìyàwó kékeré yìí ló máa fà á, ẹ ṣáà máa wò ó." Wọn kì í sì í ṣì í.

Àwọn èèyàn máa ń fi orin fíìmù Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti sọ ìtàn tán kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Òótọ́ ni, ó ń sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò ṣàṣìṣe, iṣẹ́ tí wọ́n bí i sí ló ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀hún sì ti wà kí kámẹ́rà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1944, Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ́sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ṣì ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì ń bá ìjọ Aládùúrà kan l'Ékòó kọrin. Ìjọ yẹn ní kó bá àwọn ṣe eré tí wọ́n lè fi kówó jọ, ló bá gbé ìtàn Ọgbà Édẹ́nì kalẹ̀ ní Glover Hall. Orin ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Èrò ya bò ó, Ogunde náà rí i pé nǹkan wà níbẹ̀, kò pẹ́ tó fi dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ tó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. 1947 ó ti gba London lọ láti lọ wo báwọn òyìnbó ṣe ń ṣe tiwọn, ó kọ́ ijó wọn bọ̀, fèrè àti sasofóònù wà nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ láyé ìgbà yẹn dáadáa.

Ibi tí mo ń lọ rèé: eré Ogunde kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣèrébìnrin á kọ́kọ́ jáde, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn, wọ́n á jó, wọ́n á kí èrò, wọ́n á wá fi orin sọ ohun téèyàn máa bá nínú eré àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Opening glee làwọn òṣèré fúnra wọn ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì lorúkọ ẹ̀ o, àmọ́ ẹni tó bá mọ eré eégún Alárìnjó, àwọn eléégún tó ń ṣeré kiri láti ìlú dé ìlú, á ti rẹ́rìn-ín, torí ìjúbà làwọn yẹn náà fi ń ṣílé kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Ó sì wúlò gan-an, kò sẹ́ni tó ń dé lásìkò, ọmọ ń ké, ẹni tó ń ta ẹ̀pà ń kọjá, títí orin fi máa parí gbogbo èèyàn á ti fìdí lélẹ̀, a ò sì ní máa bi ara wa ta ni èyí ta ni tọ̀hún.

Orin yẹn kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré náà o. 1964 tí Ogunde ṣe Yorùbá Ronú, eré tó fi bá àwọn olóṣèlú Yorùbá wí, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ ẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ ṣeré ní gbogbo agbègbè yẹn, 1966 tí sọ́jà dé ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Ní Òṣogbo nígbà kan náà, Dúró Ládípọ̀ ń jà tiẹ̀. Ọmọ ilé ìjọ Áńgílíkà ni. Ní nǹkan bí 1960 ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ìlù ìbílẹ̀ wọ inú ẹ̀, ni wọ́n bá sọ pé rárá, ìlù òrìṣà kọ́ ni wọ́n máa lù nílé Ọlọ́run. Ó dáa bí wọ́n ṣe lé e (èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀), torí ìta tó bọ́ sí ló ti rí àyè da bàtá àti oríkì pọ̀ mọ́ eré, 1963 ló gbé Ọba Kò So jáde, ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n ti ṣe é dé Berlin. Kí bàtá tó máa dún tí Ṣàngó bá fẹ́ yọ nínú fíìmù, ọkùnrin yìí ti la ọ̀nà ẹ̀ lórí ìtàgé.

Nígbà tí fíìmù wá dé, àwọn òṣèré yìí náà ni. Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní 1976, Adé Love ló wà níwájú, Dúró Ládípọ̀ fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀, orin pọ̀ nínú ẹ̀ bíi ti ìtàgé. 1979 Ogunde gbé Ayé jáde, lẹ́yìn náà Jáiyésinmi. Baba Sàlá ńkọ́? Olórin ni kó tó di aláwàdà o, inú ẹgbẹ́ ẹ̀ ni Sunny Ade ti ta gìtá kó tó dá dúró. Ẹgbẹ́ ló ń gbé fíìmù àti ẹ̀rọ ẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, bí wọ́n ṣe ń gbé eré kiri tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn 1986 náírà já wálẹ̀, fíìmù tòótọ́, èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí sinimá, di ohun tí ọwọ́ ò tó mọ́, kálukú bá gba fídíò lọ. Owó ẹgbẹ́ akọrin ò sí níbẹ̀, ẹnì kan pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ló máa ṣe gbogbo ẹ̀, ohùn obìnrin kan á wá máa kọ ọ́ lókè pé ilé ayé le. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, opening glee nìyẹn, àwọn oníjó nìkan ni ò sí níbẹ̀ mọ́.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání, 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn ẹ̀. Ṣaworo làwọn agogo idẹ wínníwínní tí wọ́n máa ń so yí ojú ìyáàlù ká, tó ń dún ṣìn-ìn ṣìn-ìn bí kọ̀ǹgọ́ bá ṣe ń ba awọ. Nínú ìtàn yẹn, ọba tó bá kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́, tó sì dé adé, bí wọ́n bá fi lu ìlù yẹn sí i, orí á máa fọ́ ọ títí yóò fi kú. Baba Ọ̀pálábá, ìyẹn Adébáyọ̀ Fálétí, á máa kọrin ìkìlọ̀ kiri ìlú, wọ́n á fojú arúgbó wò ó. Níbí orin ò wulẹ̀ sọ ìtàn fún wa mọ́, òun fúnra ẹ̀ ló pa ọba.

Kúnlé Afọ́láyan wà nínú fíìmù yẹn, ọmọ Adé Love. Òun náà ló gbé Aníkúlápó sórí Netflix ní 2022. Lóṣù tó kọjá mo fi fóònù mi gbé fíìmù Yorùbá kan sílẹ̀ fún màmá mi. Orin bẹ̀rẹ̀, mo na ìka kí n fò ó. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́.