Bí Ère Onígi Kan Ṣe Di Ìlú Iṣẹ́ Ọnà Nínú Aṣálẹ̀ Nevada

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1986, Larry Harvey, ẹni tó dá Burning Man sílẹ̀, ìyẹn ọdún iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń ṣe ní aṣálẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jerry James, ẹni tí iṣẹ́ káfíńtà wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbé ère ọkùnrin kan tí wọ́n fi ìkékù pákó kàn lọ sí etíkun Baker ní San Francisco, wọ́n da epo sí i lára, wọ́n sì ṣáná sí i. Ẹsẹ̀ bàtà 8 péré ni gíga rẹ̀. Bí iná ṣe sọ làlà, àwọn tó ń gbafẹ́ káàkiri etíkun sáré wá wòran. Harvey a sì máa sọ ọ́ pé nígbà tí afẹ́fẹ́ gbá ọwọ́ iná sí apá kan, obìnrin kan sún mọ́ ère náà, ó sì di ọwọ́ kejì rẹ̀ mú. Ọdún tiwa máa ń ní ẹni tó ni ín: Ọ̀ṣun ló ni ti Òṣogbo, àwọn baba ńlá ló ni ọdún egúngún. Ti Harvey kò ní olúwa, òun fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo de ère náà.

Ọdún yípo, wọ́n tún ṣe é. Burning Man, ìyẹn Ọkùnrin Tó Ń Jóná, ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọdún 1988, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1989, gíga rẹ̀ ti tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Ní ọdún 1990 ni àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ etíkun náà sọ pé wọ́n lè gbé ère dúró o, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ dáná sun ún. Wọ́n tú u, wọ́n sì kó o pamọ́ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣèèṣì fi ayùn onínáá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tó fi di dandan láti kan òmíràn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Cacophony Society, ẹgbẹ́ àwọn aláwàdà kan ní San Francisco, tí Kevin Evans àti John Law wà lára wọn, ti ń múra ìrìn àjò sí aṣálẹ̀ Black Rock ní Nevada lásìkò náà, wọ́n sì gbà kí ère bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Michael Mikel, ọ̀kan nínú wọn, fa ìlà gígùn kan sínú erùpẹ̀, gbogbo wọn sì jọ dá a kọjá.

Ilẹ̀ tí wọ́n dé yìí ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ìsàlẹ̀ adágún àtayébáyé kan tó ti gbẹ ni, ó tẹ́jú bẹẹrẹ, kò ní igi, kò ní omi, eruku rẹ̀ sì ń jẹ ẹsẹ̀ bí omi eérú tí àwọn aṣeọṣẹ ń lò, débi pé ọtí kíkan ni wọ́n fi ń ṣan ẹsẹ̀ kí ó má baà sán. Níbi tí kò ti sí ohunkóhun, ohun tí ènìyàn bá kó wá nìkan ni àwọn yòókù máa rí. Èrò ìwòran kò ní ohun tó fẹ́ wò bí òun náà kò bá ṣe nǹkan. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà àjọṣe ti wọnú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe etíkun. Láàárín ọdún díẹ̀, Pepe Ozan, ọmọ Ajẹntínà, ti ń fi àwọ̀n wáyà àti ẹrẹ̀ aṣálẹ̀ náà mọ ilé ìṣọ́ gíga, tí ó ń dáná igi sínú rẹ̀ títí iná yóò fi yọ lórí.

Òmìnira yìí ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 1996, ẹnì kan kú lórí alùpùpù, ọkọ̀ sì gun àgọ́ mọ́ àwọn tó sùn sínú rẹ̀ lóru. John Law fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó kù gbà pé kò tún lè rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Rod Garrett ya àwòrán ìlú kan tó rí bí òbìrí tí wọ́n gé apá kan rẹ̀ kúrò, ère wà láàárín, wọ́n fi wákàtí ojú aago sọ àwọn òpópónà lórúkọ, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà.

Ní ọdún 2000, David Best àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń múra àti kan ilé kan síbẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn kan kú nínú ìjàǹbá alùpùpù. Wọ́n lọ náà. Pákó tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń gé ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n lò, tó fi jẹ́ pé ihò ló kún ara ògiri rẹ̀. Àwọn tó ń wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ òkú tiwọn sí ara pákó, láti ìgbà náà ni irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tẹ́ńpìlì, sì ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọọdún. Ariwo ni wọ́n fi ń sun ère lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Tẹ́ńpìlì, lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n á jókòó yí i ká bí ó ti ń jóná, ọ̀pọ̀ kò ní fọhùn.

Nígbà tí àwọn ìlú mìíràn fẹ́ ṣe tiwọn, Harvey kọ ìlànà 10 sílẹ̀ ní ọdún 2004. AfrikaBurn, ọ̀kan nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní aṣálẹ̀ Tankwa Karoo ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2007. Ọ̀kan nínú ìlànà náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àmì kankan sílẹ̀. Lẹ́yìn tí èrò bá ti tú ká ní Black Rock, àwọn òṣìṣẹ́ á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á rìn díẹ̀díẹ̀ la ilẹ̀ náà já, wọ́n á máa ṣa ìṣó, èérún pákó àti ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó já lára aṣọ. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ Bureau of Land Management, àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba, á wá yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n bá sì kó gbogbo pàǹtí tó wà lórí éékà kan jọ, kò gbọdọ̀ gbà ju àyè ẹsẹ̀ bàtà 1 lóròó àti ẹsẹ̀ bàtà 1 níbùú lọ.